Nígbà Tí Omi Ilé Ìwòsàn Di Dúdú Nínú Ìgò

Ọdún tí òkun wọlé wá bá wa lórí ẹní ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Òkun máa ń kún lóòrèkóòrè, ìyẹn kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìjì bá a rìn. Omi ré odi òkúta etí òkun kọjá, ó la àárín abúlé já, ó sì bọ́ sínú ọ̀sà lódìkejì. Ó gbé adìẹ lọ, ó gbé ìkòkò lọ, ó wọ inú kòtò tí a gbin bàbáì sí, ìyẹn kókò ńlá tí a máa ń jẹ nígbà àríyá, ó sì pa gbogbo ewé rẹ̀. Nígbà tó fi máa fà padà, ó ti fi iyọ̀ sínú kànga gbogbo ilé. Ẹni tó bá bu omi kànga rẹ̀ sẹ́nu, á tu ú dànù.

Ibi kan ṣoṣo tí omi tó ṣeé mu kù sí ni tánkì ilé ìwòsàn. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, òrùlé páànù ilé ìwòsàn ló sì ń da omi òjò sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Utiana, ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kò sì sí nọ́ọ̀sì mìíràn ní gbogbo erékùṣù wa. Olú-ìlú ni dókítà wà, ọkọ̀ ojú omi tó ń tibẹ̀ bọ̀ a sì máa wá nígbà tó bá wù ú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ń sáré kiri abúlé wa, ọwọ́ Utiana ni wọ́n bí wọn sí. Tó bá ní kí o jókòó, wàá jókòó, ì báà ṣe irun orí rẹ ló funfun ju tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí òkun fà padà ló ṣí tánkì náà sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. "Omi òjò ni," ó ní. "Ẹ máa pọn ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí ẹni tó máa fi wẹ̀."

Ìyàwó mi, Kinaai, ni wolé-wolé káńsù wa. Erékùṣù kan ní ìhà gúúsù ni mo ti lọ fẹ́ ẹ, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é ní ará gúúsù lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ṣáláńgá àti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, kó sì máa yẹ omi wò. Ó ní àwọn ìgò kéékèèké kan tí bébà wà nínú wọn, bébà tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn. Á bu omi sínú ìgò náà, á dé e, á gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì. Tí kòkòrò inú ìgbẹ́ bá wà nínú omi yẹn, á di dúdú. Tí kò bá sí, á dúró bó ṣe wà. Àwọn èèyàn a máa fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ń kọjá lọ, wọ́n á ké sí i pé, "Wolé-wolé, yà wá wo ìgbẹ́ mi o, ó ṣì ń gbóná." Òun náà á dáhùn pé, "Ẹ wé e dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e wá sí ọ́fíìsì."

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí òkun lọ ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Kinaai yẹ gbogbo kànga wò, gbogbo wọn ló dúdú. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń sọ pé kí wọ́n máa se omi kó hó kí wọ́n tó mu ún.

"Omi wo?" ni obìnrin kan bi í. "Ta ló ń mu omi kànga? Omi iyọ̀ ni gbogbo wọn. Omi tánkì là ń mu."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Bakoa, ọmọ Tekarika, wá sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Tekarika, tó tún ti lóyún nígbà náà, ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ máa ń pẹja. Utiana tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà, ó sùn síbẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Ara ọmọ náà kọ́kọ́ yá, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tún yí padà, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ó ti kú. Utiana fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, tó fi aṣọ wé e.

Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, Kinaai ò bọ́ aṣọ. Ó jókòó sórí pèpéle ilé wa, ó ń wo ọ̀sà.

"Bàbá Moanna," ó ní. Moanna ni àkọ́bí wa. "Àwọn ilé tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń mu omi àgbọn nítorí pé ọ̀nà jìn, ara wọn le. Àwọn tó wà nítòsí tánkì ni àìsàn yìí ń bá jà."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"O mọ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ìyàwó mi ló ti máa jáde ni. Mo ní, "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kó o tó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Ṣé wàá sìn mí?"

A bá Utiana lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ń fọ aṣọ ibùsùn. Ó rí ìgò lọ́wọ́ Kinaai, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ṣé ilé ìwòsàn náà ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Omi tánkì yìí ni mo fẹ́ bu díẹ̀ nínú ẹ̀."

"Kó o fi ṣe kí ni?"

"Kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Utiana jẹ́ kí aṣọ tó ń fún bọ́ sínú báàfù. "Tánkì yìí ò sí lábẹ́ káńsù. Ìjọba olú-ìlú ló ni ín."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Àwọn tó ń mu ún ló wà lábẹ́ káńsù."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Tiaon, ṣé ìwọ lo ní kó wá?"

"Rárá o. Mo kàn tẹ̀lé e ni."

"Látọjọ́ tó o ti fẹ́ ẹ lo ti ń tẹ̀lé e." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Bu ú, ìyàwó. Tó o bá ti rí i pé kò dúdú, kó o wá bá mi fọ aṣọ tó kù."

Lọ́jọ́ kejì, ìgò náà dúdú bí èédú. Kinaai fi aṣọ wé e kí ará àdúgbò má bàa rí i lọ́nà, a sì padà lọ bá Utiana nínú yàrá tó ń kó oògùn sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò náà sókè lójú fèrèsé, ó wò ó títí, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ni ò mọ́," ó ní. "Ẹni tó ń fọwọ́ tú ṣáláńgá káàkiri abúlé, òun náà ló wá ń bu omi sínú ìgò. Ṣé kò ní dúdú?"

Mo rí i bí ojú Kinaai ṣe pọ́n. Ó mú ìgò tuntun méjì jáde, ó gbé wọn sórí tábìlì.

"Ẹ fi ọwọ́ ara yín bu ú, Àǹtí. Ẹ bu omi tánkì sí ọ̀kan. Ẹ se òmíràn kó hó, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ bu ú sí èkejì. Ọ̀dọ̀ yín ni kẹ́ ẹ tọ́jú wọn sí. Mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n."

"Tó bá wá dúdú ńkọ́?"

"A máa sọ fún abúlé."

"A máa dúró de ọkọ̀ ni. Kí àwọn tó ni tánkì wá wò ó." Ohùn Utiana ò le mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tó bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Gbọ́ mi, ìyàwó. Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé omi ilé ìwòsàn ló ń ṣe wọ́n, wọn ò ní wá mọ́. Aboyún á jókòó sílé bímọ. Ṣé o mọ iye ọdún tí mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó máa wá? Kó o tó dé ibí ni."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró de ọkọ̀."

A rìn dé ìdí igi bẹrẹfúùtù tó wà lójú ọ̀nà ilé wa. Ibẹ̀ ni Kinaai ti dúró.

"Ó bú mi lójú ẹ, o ò sọ nǹkan kan."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Mi ò ní kó o bú u. Ọwọ́ mi lo mọ̀, o rí i bí mo ṣe ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí n tó fọwọ́ kan ìgò. Ìyẹn náà ò ṣeé sọ?"

Kò dáná lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo yan ẹja fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì mọ̀ pé ó jàre.

Àwọn àgbà pe ìpàdé sí màníábà, gbọ̀ngàn ńlá tí a ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ abúlé, nítorí àìsàn tó wà nílùú. Olúkúlùkù jókòó sí àyè ìdílé tirẹ̀. Èmi àti Kinaai wà lápá ìlà oòrùn, Utiana wà níwájú wa díẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí itan. Bàbá Kaitara, tó dàgbà jù, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lu Bureua nítorí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri.

"Ẹlẹ́dẹ̀ mi ti bá òkun lọ," Bureua dáhùn. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a wí, ẹ wọkọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni Kinaai ti dìde. Ó ní òun ti yẹ omi tánkì ilé ìwòsàn wò, kò dáa, kí wọ́n má ṣe mu ún mọ́ láìsè é.

Ẹ̀rín dá. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ará gúúsù, ṣé kànga tiyín lọ́hùn-ún lẹ fẹ́ ká wá máa mu ni?" Ìyá arúgbó kan ní, "Ìyàwó àti ìyá ọkọ la mọ̀ tó máa ń jà. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ àǹtí ọkọ náà?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ní màníábà. Mo ní, "Mo wà níbẹ̀ nígbà tó bu omi yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìgò náà dúdú, mo fi ojú mi rí i." Mo tún jókòó. Mi ò wo apá ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà.

Bàbá Kaitara ní, "Utiana, ìwọ lo mọ ohun tó wà nílé ìwòsàn. Kí lo rí?"

Utiana ṣí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó mú ìgò méjì jáde, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀kan mọ́ gaara. Èkejì dúdú.

"Èmi ni mo bu méjèèjì," ó ní. "Èyí tó mọ́ yìí, mo sè é. Èyí tó dúdú, bó ṣe wà nínú tánkì nìyẹn. Ìyàwó wa ò purọ́. Ẹ má mu omi yẹn mọ́ láìsè é."

Láti ẹ̀gbẹ́ òpó kan ni Tekarika, ìyá Bakoa, ti la ẹnu. Kò pariwo.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èwo nínú méjèèjì yẹn lẹ fi po iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti sọ pé kérósíìnì tí wọ́n fi ń se omi ti tán nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí òótọ́ ni. Kò sọ ọ́.

"Èyí tó dúdú," ó ní. "Omi òjò ni mo kà á sí. Mi ò sè é."

Tekarika dìde, ó gba àárín wa kọjá, ó jáde. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n gbé wá fún ìpàdé wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó bu ú.

Lọ́jọ́ kejì a gbọ́n omi tánkì náà dà nù. Nígbà tó gbẹ, Utiana ò jẹ́ kí ọkùnrin kankan wọ ibẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba àkàbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. A ń gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ lu ògiri. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìró náà dá.

"Àǹtí?" Kinaai pè é.

"Ó sán," ó dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Wá wò ó."

Kinaai sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ògiri tó sán náà, ṣáláńgá àwọn aboyún ló kọjú sí, omi ṣì ń tò gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ń rùn. Kinaai ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà: abẹ́ ilẹ̀ wa, omi ni, nígbà tí òkun wọlé, ó ti omi abẹ́ ilẹ̀ sókè, omi ṣáláńgá bá a gòkè, ó sì gba ojú sísán náà bọ́ sínú tánkì.

Utiana ló tọrọ ṣáláńgá yẹn lọ́wọ́ ìjọba. Tẹ́lẹ̀, etíkun ni àwọn tó ń rọbí máa ń lọ, nínú òjò, nínú oòrùn. Ó kọ lẹ́tà títí wọ́n fi kọ́ ọ, òun ló sì dúró síbi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹ sí, ó ní kó sún mọ́ ilé gan-an kí obìnrin tó ń rọbí má bàa rìn jìnnà. Nígbà tó jáde nínú tánkì, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀ dé orúnkún. Ó wo ṣáláńgá náà, ó ní, "Ẹ wó o. Ibi tí mo ní kí wọ́n kọ́ ọ sí ni wọ́n kọ́ ọ sí."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Kinaai. "Ibo ni ká gbẹ́ òmíràn sí?"

Kinaai na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àwọn igi àgbọn.

"Ibẹ̀ jìn jù."

"Kò jìn, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká la ọ̀nà, ká fi okùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa dì í mú."

"Ìwọ ti bímọ, ṣé o lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ nígbà tó ń mú ẹ?"

"Tí mo bá mọ ohun tó wà nínú omi tí wọ́n máa fún mi mu, màá rìn ín."

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi pa garawa tì tí a jókòó. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà sí ibì kan láàárín ibi tí oníkálukú wọn fẹ́, lẹ́yìn tí Kinaai ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò.

Ní gbogbo àkókò yẹn, èmi ni mò ń wa ọkọ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí Nabuni, erékùṣù kékeré kan tí kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Kànga kan wà láàárín rẹ̀ tí òkun ò dé. Kinaai yẹ̀ ẹ́ wò, ó mọ́, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n máa sè é. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń dáná. Àwọn èèyàn ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sè é, àìsàn náà sì lọ sílẹ̀ títí kò fi sí mọ́.

Ohun tí Utiana bẹ̀rù náà ṣẹlẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn ò yà sí ilé ìwòsàn. Obìnrin méjì bímọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi gun kẹ̀kẹ́ lọ bá àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó jókòó sí ìta títí ọ̀kan nínú wọn fi ní kó wọlé.

Kó tó di ìgbà yẹn ló ti wá bá mi níbi tí mo ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹní tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun wà ní apá rẹ̀, èyí tó ń pa mọ́ de ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

"Tiaon, sìn mí lọ sọ́dọ̀ Tekarika."

Mo mú tábà dání fún ọkọ Tekarika gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, a sì lọ. A jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn níwájú ilé wọn, a ò gun orí pèpéle. Ó pẹ́ kí Tekarika tó jáde. Utiana tẹ orí rẹ̀ ba, ó ní òun wá sọ ọ́ lójú rẹ̀, nítorí ohun tí òun sọ ní màníábà, ojú gbogbo èèyàn ni òun ti sọ ọ́, kì í ṣe fún Tekarika nìkan.

"Ká ní ẹ sè é," Tekarika ní, "ṣé ọmọ mi ì bá wà láàyè?"

"Mi ò mọ̀. Ó ti ń ṣàìsàn kẹ́ ẹ tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n omi tí mo fún un dá kún àìsàn náà. Mi ò lè sọ fún ọ pé kò dá kún un."

"Ó fẹ́ràn omi yẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ṣíbí, ó máa ń la ẹnu."

"Mo rántí," Utiana ní.

Tekarika wo ẹní náà, ó gbé e, kò tẹ́ ẹ, ó gbé e wọlé. Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ. Tí mo bá fẹ́ rí yín, màá ránṣẹ́." Ọkọ rẹ̀ gba tábà lọ́wọ́ mi, ó sìn wá dójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún lọ́hùn-ún. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó jókòó sórí òkúta kan tó sì sunkún, mo dúró tì í.

Nígbà tí òjò dé, a ti dí ojú sísán tánkì náà, a ti fi oògùn fọ̀ ọ́, a sì da omi òjò àkọ́kọ́ nù. Àwọn àgbà ti fẹnu kò pé omi yòówù tí ará abúlé bá ń mu, ti ilé ìwòsàn, ti ilé ẹ̀kọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, wolé-wolé ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó ń pè é ní ará gúúsù ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wá ń gbé omi ilé rẹ̀ wá fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ní ìyálẹ̀ta, Tekarika fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn, ó ti ń rọbí. Kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ó jókòó sétí ibùsùn. Utiana bu omi sí ife, ó gbé e fún un. Kò gbà á.

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ìyàwó wa ni."

"Ẹ pè é wá kó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀."

Utiana ní kí n sáré lọ pè é. Kinaai fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó wá pẹ̀lú aṣọ ìdáná lára rẹ̀. Ó sọ fún Tekarika pé òun ti yẹ omi náà wò, pé ó mọ́, pé òun àti àwọn ọmọ òun náà ń mu ún. Tekarika wo ojú rẹ̀ títí, ó gba ife, ó mu ún tán, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìrọbí náà pẹ́ díẹ̀. Èmi àti ọkọ rẹ̀ wà níta, a ń fọ àgbọn tí a ò mu. A ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń pàṣẹ fún ìyàwó mi pé kó di ẹsẹ̀ kan mú, kó má gbọ̀n, ṣé kò tíì rí ìbímọ rí ni, àti ohùn ìyàwó mi tó ń dáhùn pé òun ò gbọ̀n, Àǹtí, ibùsùn yín ló ń mì. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni.